Àgò Fáànù Lára Tòmátì: Bí Mo Ṣe Ń Gbin Tòmátì àti Àgbáyun Lójú Ọ̀kẹ́rẹ́

Fíríìjì àti fáànù ni mò ń tún ṣe lójú ọ̀nà Oǹdó, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Mi ò kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ìwé kankan. Ọdún 2016 ló gbé mi dé ìdí tòmátì, ọdún tí kòkòrò tó ń jẹ́ Tuta absoluta wọ oko àwọn ará Kàdúná, tí àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Ebola tòmátì. Ìyàwó mi ti Odò-Ògbè dé lọ́jọ́ kan, ó gbé abọ́ kékeré kan kalẹ̀ níwájú mi. Tòmátì inú rẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ. Ó ní owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn. Kò tún sọ nǹkan míì. Lọ́jọ́ kejì mo kó rọ́bà ọ̀dà mẹ́rin wálé láti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Pàràkin kò tóbi, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì ló máa gbà. Ọ̀pẹ méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú máńgòrò kan lẹ́bàá fẹ́ǹsì, oko kòkó àtijọ́ kan sì wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ olóko ò tíì tà. Orí àwọn igi wọ̀nyẹn ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó ra ilẹ̀, nítorí náà kò tọ́ kí n máa pè wọ́n ní olè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà ní aago méje àárọ̀.

Gbogbo ohun tí ọdún wọ̀nyí kọ́ mi kò ju gbólóhùn kan lọ: tòmátì kò dandan kó pọ́n sórí igi, àgbáyun, èso kékeré tó ń mú kí ohun kíkan dùn lẹ́nu, ló di dandan fún. Ẹni tó bá ti mọ èyí, òun àti ọ̀kẹ́rẹ́ lè jọ máa lo ọgbà kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú un láti ilẹ̀.

Ìgbà àti erùpẹ̀

Ní Ifẹ̀, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án títí di ìparí oṣù kẹwàá. Èèyàn á rò pé ìgbà òjò ló yẹ kóun gbin tòmátì, torí pé omi ò ní wọ́n. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Oṣù karùn-ún ni mo gbin ti àkọ́kọ́. Ewé rẹ̀ yọ àbààwọ́n dúdú, ó gbẹ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àwọn èso tútù náà sì ń jẹrà. Ẹyọ mẹ́rin péré ni mo ká. Tòmátì kórìíra kí ewé rẹ̀ máa rin gbingbin lójoojúmọ́.

Láti ìgbà náà, ìparí oṣù kẹjọ ni mo ń fọ́n irúgbìn, ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo ń ṣí i lọ sínú rọ́bà. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa dé ní oṣù kejìlá, èso ti wà lórí rẹ̀. Òru ọyẹ́ tutù, òdòdó tòmátì sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Bí òru bá móoru jù, òdòdó á kàn máa já bọ́ láìso ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èmi ni mo máa bu gbogbo omi tó máa mu, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn náà ni òùngbẹ sì ń gbẹ ọ̀kẹ́rẹ́ jù. Màá padà sórí èyí.

Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wa. Bí òjò bá rọ̀ sí i á lẹ̀, bí oòrùn bá pa á á le bíi bíríkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo rọ́bà ọ̀dà, oní-lítà 20, torí èyí tó kéré sí i máa ń tètè gbẹ. Irin tí mo fi ń yọ́ òjé sára wáyà ni mo fi ń lu ihò mẹ́fà sí ìdí rẹ̀. Mo máa ń po erùpẹ̀ dúdú abẹ́ kòkó páànù méjì, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà páànù kan, iyanrìn páànù kan, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ eérú kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ dì í sínú àpò fún oṣù méjì, ó kéré tán. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ sì rí i pé inú rẹ̀ ṣì gbóná, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má lo erùpẹ̀ tí ẹ gbin ata tàbí ìgbá sí lọ́dún tó kọjá. Ẹbí kan náà ni wọ́n àti tòmátì, àrùn wọn ò sì yàtọ̀. Ọ̀kan wà nínú àwọn àrùn náà tó máa ń mú kí tòmátì tó tutù yọ̀yọ̀ láàárọ̀ dorí kodò lọ́sàn-án, kí omi tí ẹ ń bù sí i má sì ṣe é láǹfààní kankan. Láti mọ̀ bóyá òun ni, ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ìdí, ẹ ki ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tó mọ́, ẹ má mì ín. Bí okùn funfun tín-ín-rín bá ń sọ̀kalẹ̀ láti ojú ibẹ̀ sínú omi bí ẹni ń kán wàrà, òun ni. Ẹ tu ú, ẹ sun ún, ẹ kó erùpẹ̀ rọ́bà yẹn jìnnà sí ọgbà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, àbígbẹ̀yìn mi tẹjú mọ́ ife náà títí, ó ní igi yẹn ń sunkún.

Láti irúgbìn dé òdòdó

Irú tòmátì tí wọ́n ń pè ní Roma wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko. Kò ga, ara èso rẹ̀ le, ó dáa fún ọbẹ̀. Tòmátì ìbílẹ̀ wa tó rí pẹlẹbẹ, tó ní ìlà bí elégédé kékeré, ni mo fẹ́ràn jù, ìyàwó mi ló fẹ́ràn Roma. A ń gbin méjèèjì kí ilé lè tòrò. Bí ẹ bá fẹ́ mú irúgbìn láti ara tòmátì ọjà, ẹ fún hóró rẹ̀ sínú ife pẹ̀lú omi rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó kan. Òórùn rẹ̀ kò dáa rárá. Ohun yíyọ̀ tó wà lára hóró á bọ́, ẹ wá fọ̀ ọ́, ẹ sá a lórí ìwé ní abẹ́ òjìji.

Irúgbìn á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú kíréètì ẹyin tí a da erùpẹ̀ sí. Nígbà tó bá ní ewé gidi mẹ́rin tàbí márùn-ún, mo máa ń ṣí i ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, rọ́bà kan fún ẹyọ kan. Ẹ má bẹ̀rù láti ri í mọ́lẹ̀: ẹ bo igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí kan ibi tí ewé ìsàlẹ̀ wà, gbòǹgbò tuntun á yọ lára gbogbo ibi tí erùpẹ̀ bá bò. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ ti ri ọparun tí ẹ máa so ó mọ́, kí ẹ má baà fi ọparun já gbòǹgbò lẹ́yìn ọ̀la. Awọ wáyà iná tí mo bó sílẹ̀ ni mo fi ń so ó, torí ó máa ń rọ̀ fún igi náà bó ṣe ń sanra. Bó bá ń dàgbà, ẹ máa wo abíyá ewé rẹ̀, ìyẹn ibi tí ewé ti pàdé igi. Ọmọ kan á máa yọ níbẹ̀. Lára èyí tó ń ga láìdúró, ẹ máa fi ìka gé e. Lára Roma, ẹ fi í sílẹ̀.

Omi: àárọ̀ ni, ní ìdí ni, kó má kan ewé. Nígbà ọyẹ́, igi tó ti ní èso máa ń mu bíi lítà méjì lójúmọ́. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí ojú erùpẹ̀ kí omi má baà tètè gbẹ. Ẹni tó bá gbàgbé omi fún ọjọ́ mẹ́ta tó wá bu garawa odindi sí i lọ́jọ́ kẹrin, èso rẹ̀ á là, ìdí èso mìíràn á dúdú, á sì tẹ̀ wọnú. Èèyàn á rò pé kòkòrò ni. Omi tí kò bára mu ni.

Ta ló jẹ ẹ́?

Nígbà tí tòmátì mi kọ́kọ́ ń sọnù, bàbá tó ń gbé ilé kejì sọ fún mi pé àdán ni, àwọn àdán tó máa ń bo ojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́ láti ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Mo gbà á gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ òru. Tòmátì tí mo kà ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì máa ń pé ní aago márùn-ún àárọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni méjì á ti lọ. Àdán kì í ṣiṣẹ́ nírú àkókò yẹn.

Torí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo ara èso náà dáadáa. Ẹyẹ máa ń sọ ọ́ lẹ́nu ni, ihò mímú kan tàbí méjì lẹ́ba ara wọn. Ìgbín máa ń fi ìtọ́ tó ń dán sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó gbà. Kòkòrò máa ń lu ihò róbótó, ẹ ó sì rí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú ní ẹnu ihò. Òkété ń wá lóru, ó sì máa ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sínú ihò, kì í fi ẹ̀rí púpọ̀ sílẹ̀. Ikún ń wá lọ́sàn-án, àmọ́ ilẹ̀ ló ń rìn, èso ìsàlẹ̀ nìkan lọwọ́ rẹ̀ máa ń tó. Ti ọ̀kẹ́rẹ́ dá yàtọ̀: ẹ ó rí ojú eyín méjì tó ṣe tẹ̀lé-n-tẹ̀lé lára ẹran tòmátì, bí ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀gún oníbejì gbẹ́ ẹ, apá kan èso á ti lọ, apá kejì á wà lórí fẹ́ǹsì tàbí ní ilẹ̀. Awọ á fọ́n ká.

Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi ní Sátidé kan ní oṣù kìíní. Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná pẹ̀lú tíì mi, mi ò mira. Ó yọ sórí fẹ́ǹsì, ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn orí bí abẹ̀bẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fò sórí ọparun, ó dorí kodò sọ̀kalẹ̀, ó dúró lórí ìdì tòmátì kan tí pupa mẹ́ta àti tútù mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá èyí tó pupa jù mú, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan bí ìyálọ́jà tó ń yẹ ọjà wò, ó já a, ó padà sórí fẹ́ǹsì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bu ú jẹ, mo kà á. Ó tu awọ rẹ̀ dànù. Omi tòmátì ń kán sí ọwọ́ rẹ̀, ó ń lá a. Lẹ́yìn náà ló ju ìyókù sínú àgbàlá mi bí ẹni ń da omi ìfọṣọ nù, ó sì lọ mú òmíràn.

Inú bí mi. Àmọ́ mo rí nǹkan méjì kí tíì mi tó tutù. Àkọ́kọ́, kò fọwọ́ kan tútù kankan. Ìkejì, kì í ṣe pé ó ń jẹun: omi ló ń mu.

Ohun tí mo gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́

Mo so àwọn sídì àtijọ́ rọ̀ kó máa dán lójú oòrùn. Ọjọ́ mẹ́rin ló ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, ó ń nu ojú. Mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo gbogbo igi. Ó fi eyín já a ní igun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì tún kó èmi fúnra mi sí wàhálà, torí oyin kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, afẹ́fẹ́ ò sì mi òdòdó. (Bí ẹ bá fẹ́ lo nẹ́ẹ̀tì nítorí kòkòrò, ẹ máa fi ìka ta igi òdòdó pẹ́pẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kí lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ lè bọ́ síbi tó yẹ.) Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wá pẹ̀lú kànnàkànnà, ó ní òun á bá mi pa wọ́n, kí n máa san owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé ilé ìdáná ló kọ́kọ́ bà. A parí àdéhùn náà níbẹ̀.

Ata gígún tí a pò mọ́ omi àti ọṣẹ díẹ̀ ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ata máa ń ta ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́nu bó ṣe ń ta èmi àti ẹ̀yin. Ẹyẹ ni kò mọ̀ ọ́n lára, ìdí tí wọ́n fi ń jẹ ata nínú oko láìwojú ẹnikẹ́ni nìyẹn. Òjò kan ṣoṣo á fọ gbogbo rẹ̀ lọ. Kí ẹ sì mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kí ẹ tó fọ́n ọn. Mi ò mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyàwó mi ló fà mí lọ́wọ́ wọlé.

Oògùn apeku, ọ̀tápiápiá àti àwọn ìbátan rẹ̀, mi ò lò ó, mi ò sì ní lò ó. Ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀, adìyẹ aládùúgbò ń jẹ̀ níbẹ̀, ohun tí a fẹ́ jẹ ni a sì ń gbìn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gé ibi tí ẹranko bù kúrò, tí ẹ ń sọ ìyókù sínú ọbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ẹ lè rò pé ọ̀kẹ́rẹ́ ni, kó jẹ́ eku ilé ló kọ́kọ́ débẹ̀. Láti ọdún 1969 tí wọ́n ti mọ ibà Lassa ní ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ọ̀nà tó sábà máa ń gbà dé ara èèyàn. Tòmátì tí a ti bù, inú ilẹ̀ jíjìn ni tèmi ń lọ, mo sì máa ń fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn náà.

Ohun tó ṣiṣẹ́

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń dúró de pupa. Èmi ò dúró dè é mọ́. Tòmátì tó ti gbó máa ń kọ́kọ́ funfun díẹ̀ ní ìdí, lẹ́yìn náà àwọ̀ kan á yọ níbẹ̀ bí iyùn tó ti ṣá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ já a. Kò sí ohun tí igi tún fẹ́ fún un mọ́, afẹ́fẹ́ tó ń mú un pọ́n ti wà nínú ara rẹ̀. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ewé látòkè délẹ̀, ẹ má já a o, á kàn hun jọ lásán ni.

Ẹ tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, kí ara wọn má kanra, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n kan sáàárín wọn, ẹ fi ìwé ìròyìn bò ó, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò dé. Ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti pọ́n tán. Èmi tí mo ń fi fíríìjì jẹun ni mò ń sọ fún yín: ẹ má gbé e sí fíríìjì. Òtútù ibẹ̀ máa ń dá pípọ́n rẹ̀ dúró, ó sì máa ń pa adùn rẹ̀. Ìyàwó mi ní èyí tó pọ́n sórí igi dùn jù fún jíjẹ ní tútù. Nínú ọbẹ̀, òun náà ò mọ ìyàtọ̀. Mo ti dán an wò, mi ò sì sọ èyí tó jẹ́ fún un.

Nítorí òùngbẹ, mo gbé abọ́ omi kan sí ìdí ọ̀pẹ tó jìnnà jù sí tòmátì. Mo máa ń dà á nù lọ́jọ́ méjì-méjì kí ẹ̀fọn má baà yé síbẹ̀. Kò ní kí wọ́n má wá mọ́, àmọ́ iye tí wọ́n ń bù tí wọ́n ń jù sílẹ̀ dín kù gan-an. Mo tún gé gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ tó gùn wá sórí rọ́bà, mo sì sún rọ́bà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì.

Ó wá ku àwọn tí mo fẹ́ kó pọ́n sórí igi, ní pàtàkì èyí tí mo fẹ́ mú irúgbìn lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi ti wúlò. Ẹ mọ wáyà roboto tó máa ń wà níwájú àti lẹ́yìn fáànù, tí kì í jẹ́ kí ọmọdé ki ọwọ́ bọ̀ ọ́? Òkú fáànù kún ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ẹ bá pa iwájú àti ẹ̀yìn dé pọ̀, ó di àgò, bí àgò adìyẹ gẹ́lẹ́. Ti fáànù oníǹṣì 16 tàbí 18 gba ìdì tòmátì kan dáadáa.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń fi ẹ̀mú gé wáyà méjì tàbí mẹ́ta ní etí apá kan, kí ẹnu tó ṣí níbẹ̀ gba ọrùn ìdì tòmátì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń tẹ ojú ibi tí mo gé wọnú kó má baà ha ara igi. Mo á fi ìdì náà sáàárín, màá pa apá kejì dé e, màá fi wáyà tín-ín-rín dì í níbi mẹ́rin. Ara ọparun ni mo máa ń so àgò kọ́, torí bí ẹ bá so ó mọ́ tòmátì, ìwúwo rẹ̀ á fa igi ya. Kí ẹ wá rí i pé kò sí èso tó kan wáyà láti inú. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sórí àgò bí ẹni jókòó sórí àpótí, ó ń gba àárín wáyà fi eyín bó àwọn tó fara kàn án, ó bó wọn bí ẹni bó ọsàn. Àwọn fáànù ayé àtijọ́ tí àlàfo wáyà wọn fẹ̀, ẹ má wulẹ̀ lò wọ́n.

Àgbáyun

Àwọn mìíràn ń gbìyànjú sitirọ́bẹ́rì ní Ifẹ̀. Jos ló mọ bó ṣe ń ṣe é, ooru wa pọ̀ jù fún un. Èso wẹ́wẹ́ tiwa wà nílẹ̀. Koropo ń hù fúnra rẹ̀ nínú rọ́bà tòmátì mi, mo sì máa ń fi ẹyọ kan tàbí méjì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kí wọ́n jẹ èyí tó ti pọ́n tí èpo rẹ̀ ti gbẹ nìkan. Àmọ́ àgbáyun ni ọba wọn lọ́dọ̀ tèmi.

Ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́ rí: èso pupa ni, ó tó oríkèé ìka ọmọdé, hóró kan ló wà nínú rẹ̀. Fúnra rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹran ara rẹ̀ ra gbogbo ahọ́n fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tu hóró dànù, kí ẹ wá mu ọsàn wẹ́wẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ á dùn bí ìgbà tí wọ́n rẹ ẹ́ sínú oyin. Àwọn baba wa ń fi í mu ẹmu tó ti kan. Faransé kan, Chevalier des Marchais, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1725, ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ sì tó yọ èròjà tó ń ṣe é, tí wọ́n pè ní miraculin. Ẹ rántí pé ahọ́n nìkan ló ń tàn jẹ: kíkan ọsàn ṣì ń dé inú yín. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, kó má ki àṣejù bọ̀ ọ́.

Ọdún 2017 ni mo gbin tèmi, láti ara èso tí ẹ̀gbọ́n mi kó wá láti Ifẹ́tẹ̀dó. Hóró rẹ̀ kì í gbà kí a sá a gbẹ, á kú ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jẹ èso ni kí ẹ gbin hóró. Erùpẹ̀ tó kan díẹ̀ ló fẹ́, ewé jíjẹrà abẹ́ kòkó dára fún un. Eérú tí mo ní kí ẹ fi sí ti tòmátì, kó má débí o, á bà á jẹ́. Ó fẹ́ òjìji díẹ̀, ó fẹ́ omi, kò fẹ́ àbàtà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ó ń dàgbà bí ẹni tí kò fẹ́ dàgbà: ọdún kejì, kò ga ju orúnkún mi lọ. Ọdún 2021 ló kọ́kọ́ so, èso mọ́kànlá. Ọ̀kẹ́rẹ́ kó mẹ́wàá.

Ọgbọ́n tòmátì kò ṣiṣẹ́ níbí. Mo já àgbáyun nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ewé tó ń yí padà, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀, mo fi ìwé ìròyìn bò ó. Ó rọ̀, àmọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ ṣì ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Èròjà inú rẹ̀ kì í pé títí yóò fi pupa dáadáa lórí igi, bó bá sì ti pọ́n, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Torí náà àgò ni, kò sí ọ̀nà míì. Ẹ̀ka tó ní èso jù ni mo ń fi àgò bò, ẹ̀ka kan ni mo máa ń fi sílẹ̀ láìbò fún àwọn tó ni igi kí n tó dé. Bí wọ́n bá ti rí tiwọn, wọn kì í jà mọ́ àgò púpọ̀. Wọ́n máa ń jẹ ẹran ara rẹ̀, wọ́n ń ju hóró sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ. Méjì nínú hóró wọ̀nyẹn ti hù. Mo ti ṣí wọn sínú rọ́bà.

Ní oṣù tó kọjá, oníbàárà mi kan wá gbé fáànù tó gbé wá fún àtúnṣe. Mọ́tọ̀ rẹ̀ ti ń yí geere. Ó yí i wò, ó bi mí pé wáyà iwájú rẹ̀ ńkọ́. Mo ní kó má bínú, ó wà nílé, lára àgbáyun, èso mẹ́fà wà nínú rẹ̀ tí kò tíì pupa. Ó wò mí títí. Tòmátì ni ì bá jẹ́, ǹ bá ti já a lọ́jọ́ náà kí n sì gbé wáyà rẹ̀ fún un. Ó ní òun á padà wá ní Sátidé. Ó padà wá lóòótọ́, ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta dání.